Ẹ̀kọ Tí A Kò Jẹ: Oúnjẹ, Àsìkò àti Ọnà Inú Aṣọ Àdìrẹ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́-ọnà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kì í yé bi ara wọn: níbo ni oníṣẹ́-ọwọ́ ti ń rí àrà tuntun dá? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ohun tí ó yí i ká. Olùkọ́ a gbé ọ̀pẹ̀-òyìnbó kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ ka orí tábìlì, a sì ní kí wọ́n yà á. Bí ó bá jẹ́ ìgbà àgbálùmọ̀, àgbálùmọ̀ ni wọn yóò yà. Bí ìgbà mángòrò bá dé, mángòrò ni. Wọ́n a yà á, wọ́n a kùn ún, wọ́n a sì gba máàkì. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ tí ó mọ ọkà í rò, ahọ́n tí ó mọ ọbẹ̀ í tọ́ wò, ara tí ó mọ̀ bóyá oòrùn òní yóò gbẹ láfún tàbí kò ní í gbẹ ẹ́, gbogbo wọn jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì láìrí iṣẹ́ ṣe.

Àwọn obìnrin Yorùbá kan ti gba ọ̀nà mìíràn lọ sọ́dọ̀ oúnjẹ kí wọ́n tó rí ọnà, ọ̀nà wọn ni ó sì yẹ ní yíyẹ̀wò lálẹ́ yìí. Àwọn náà ni aládìrẹ ẹlẹ́kọ.

Orúkọ aṣọ náà ti sọ ìdí rẹ̀. Àdìrẹ ni ohun tí a dì tí a sì rẹ sínú aró. Èyí tí a fi ìko dì ni à ń pè ní oníko. Èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán pọ̀ ni alábẹ́rẹ́. Èyí tí a fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára ni ẹlẹ́kọ. Nínú èyí tí a dárúkọ kẹ́yìn yìí, kò sí ohun kan tí a dì mọ́, síbẹ̀ orúkọ àtijọ́ kò kúrò lára rẹ̀, nítorí pé ẹ̀kọ náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí okùn ń ṣe. Ó ń dènà aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá dúró lé, aró kì í ráyè wọlé síbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí a bá sì há ẹ̀kọ náà kúrò lẹ́yìn tí aṣọ ti gbẹ, ọnà a yọ ní àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ láàárín dúdú aró. Àwọ̀ náà kì í funfun báláú. Aró a máa jò wọ abẹ́ ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ a máa rí bí ojú ọ̀run nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, èyí sì jẹ́ ara ẹwà rẹ̀.

Bí àlejò bá wọ àgbàlá aládìrẹ ẹlẹ́kọ láyé àtijọ́, ó lè ṣèèṣì rò pé ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ìnáwó ni òun dé. Ìkòkò wà lórí ààrò, omi ń hó nínú rẹ̀. Láfún wà nínú igbá. Ìyẹ́ adìẹ tí ìyàwó ilé ìbá dà sí ààtàn lẹ́yìn tí ó pa adìẹ ọdún tán, òun ni kálàmù aládìrẹ: òun ni ó ń tì bọ inú ẹ̀kọ tí ó fi ń fa ilà tín-ín-rín sára aṣọ. Bí ó bá ń fẹ́ ilà irú mìíràn, ọwọ̀ ọ̀pẹ wà nítòsí. Eérú tí ó kù nídìí ààrò kò ṣòfò, aró ń dúró dè é. Àní ìko tí àwọn oníko fi ń dì aṣọ tiwọn, ara ọ̀pẹ ògùrọ̀ ni ó ti ń wá, igi kan náà tí àwọn ọ̀mu ń lọ jókòó sí abẹ́ rẹ̀.

Láfún ni ó yẹ kí a dúró lé lórí jù lọ. Ẹ̀gẹ́ tí a bá hú ni a ó bẹ, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. A ó fún omi ara rẹ̀ dànù, a ó rún un, a ó sì sá a sí oòrùn lórí àpáta tàbí lórí ẹní. Nígbà tí ó bá gbẹ tán, a ó gún un tàbí kí a lọ̀ ọ́, a ó sì fi ajọ̀ jọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí gbogbo ìyàwó ilé mọ̀ ni èyí. Àmọ́ ẹni tí ó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé àsìkò ni ọ̀gá níbẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì tàbí ìkẹta, ọyẹ́ àti oòrùn a fọwọ́sowọ́pọ̀, láfún a gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, a sì funfun bí òwú. Ní ìgbà òjò, a lè máa kó o wọlé kí a máa kó o síta fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí ó má gbẹ. Yóò bu, yóò dúdú, òórùn rẹ̀ yóò sì yí padà. Irú láfún bẹ́ẹ̀ kò wu ẹnikẹ́ni í jẹ, aládìrẹ náà kò sì fẹ́ ẹ, nítorí pé ẹ̀kọ tí a bá fi ṣe é kì í dán, kì í sì í lẹ̀ mọ́ aṣọ bí ó ti yẹ. Kò tán síbẹ̀. Aṣọ tí a ti ya ọnà sí náà ní láti gbẹ kí ó tó wọ inú ìkòkò aró. Bí ẹ̀kọ ara rẹ̀ bá tutù wọ aró, yóò rọ̀, ilà yóò sì dàrú. Oòrùn tí ó gbẹ láfún ni yóò tún gbẹ aṣọ. Ní ti èlú, tirẹ̀ yàtọ̀: òjò ni ó ń mú ewé rẹ̀ tuntun yọ, ewé tuntun yẹn ni à ń gún, tí à ń ṣù, tí à ń sá títí yóò fi gbẹ kí a tó kó o pamọ́. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n jọ bí aṣọ kan ṣoṣo.

Láti inú láfún sí inú ẹ̀kọ tún jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá. Omi a hó, láfún a wọ inú rẹ̀, álọ́ọ̀mù díẹ̀ a tẹ̀lé e kí ẹ̀kọ náà lè dúró nínú aró. Lẹ́yìn náà ni rírò. Ẹni tí kò bá lè ro àmàlà kí ó má ní kókó, kí ó má tì í dá a láṣà láti di aládìrẹ, nítorí pé kókó kan péré tí ó bá bọ́ sẹ́nu ìyẹ́ adìẹ ti ba ilà kan jẹ́. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, yóò tàn kálẹ̀ lára aṣọ, ilà yóò sanra bí ìdin. Bí ó bá ki jù, yóò sán nígbà tí ó bá gbẹ, aró yóò sì gba ojú ibi tí ó ti sán wọlé. Kò sí òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ èyí bí kò ṣe ọwọ́ àti ojú, irú ọwọ́ àti ojú tí ó ń sọ fún obìnrin pé ọkà ti jinná. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé aládìrẹ mọ ọnà í yà, ohun tí à ń sọ ní ìdajì ni pé ó mọ oúnjẹ í sè.

Ní ìdí aró pàápàá, ahọ́n kò ráyè sinmi. Omi tí a fi eérú sẹ́ ni ó ń mú kí èlú tú àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn aláró mìíràn a sì máa fi ahọ́n tọ́ omi náà wò, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bí ó bá ti múná tó. Aró ní láti jókòó fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gbó, òórùn rẹ̀ sì ni ó ń kéde pé ó ti gbó. Kò yani lẹ́nu pé òrìṣà kan náà, Ìyá Màpó, ni àwọn aláró àti àwọn amọ̀kòkò jọ ń kì: iná, omi, eérú àti ìkòkò ni gbogbo wọn fi ń jẹun.

Wàyí o, kí ni ó jáde láti inú gbogbo wàhálà yìí? Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ kan ṣoṣo, kí a wò ó dáadáa. Ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ìyẹ́ ya ọnà láìlo rúlà, aṣọ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìbàdàndùn. A pín ojú rẹ̀ sí onígun mẹ́rin púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọnà tirẹ̀. Nínú àwọn ọnà náà, èyí tí ó lókìkí jù lọ ni òpó gbọ̀ngàn Mápó. Ní ọdún 1929 ni a ṣí gbọ̀ngàn yẹn, ilé ńlá tí ìjọba amúnisìn kọ́ sórí òkè, tí àwọn òpó rẹ̀ dúró gbagidi bí ọmọ ogun. Obìnrin aládìrẹ gòkè lọ wò ó, ó sì padà wá sídìí ẹ̀kọ rẹ̀. Ó ya àwọn òpó náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín òpó kan àti èkejì, ṣíbí ni ó yà síbẹ̀.

Ó ṣòro láti gbà pé èèṣì ni. Orúkọ aṣọ náà ni Ìbàdàn dùn. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ń sọ pé ìlù dùn, ìtàn dùn, ìlú dùn, ahọ́n ni ó kọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kí etí àti ojú tó yá a lò. Obìnrin yìí dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ ahọ́n tí ó ni ín. Ó fi ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́ òpó, gbọ̀ngàn ìjọba sì di ohun tí à ń bù jẹ. Ẹni tí ó bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọnà-èdè lè mú aṣọ yìí wọ kíláàsì, nítorí pé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, a fi ẹ̀kọ kọ ọ́ dípò tádàwà. Bí a bá sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ mìíràn tí à ń pè ní Olóba, èyí tí ó jáde nígbà ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n George Karùn-ún àti ayaba Mary lórí oyè ní ọdún 1935, ìyàtọ̀ yóò hàn. Olóba lẹ́wà, ó sì tà gan-an lọ́jà. Àmọ́ àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó yà á. Ọmọ ìyá ọ̀pẹ̀-òyìnbó orí tábìlì ni.

Ọnà mìíràn wà tí ó tilẹ̀ kéré ju ṣíbí lọ, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ: ewé ẹ̀gẹ́. Ìka ewé náà là, ó tú yẹ́ba gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lóko. Ohun tí ó wúni lórí ni pé ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ni a fi ya ewé ẹ̀gẹ́. Ohun èlò ń ya àwòrán ara rẹ̀.

Àwọn kan lè wí pé àṣà àtayébáyé ni gbogbo èyí, kí a má fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn Potogí ni ó gbé e dé etíkun ilẹ̀ Áfíríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ó pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀ láàárín Yorùbá. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wálé àti àwọn Sàró tí wọ́n ti Sàró dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó tan ìmọ̀ bí a ti ń fọ oró rẹ̀ dànù tí a sì ń sọ ọ́ di oúnjẹ. Aṣọ funfun tí ó dán, tí ìyẹ́ adìẹ lè rìn lórí rẹ̀ láìkọsẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń kó o bọ̀ láti Manchester. Páànù pẹlẹbẹ tí àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ń gé lọ́nà, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ tẹ̀ lórí aṣọ, ara àpótí ọjà òkèèrè ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ohun tí ó jẹ́ ti àwọn oníṣẹ́ gan-an ni ìmọ̀ tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìmọ̀ ohun tí láfún lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Nǹkan òkèèrè kì í ba iṣẹ́ jẹ́ bí ìmọ̀ yẹn bá wà níbẹ̀ láti gbà á lálejò.

Ìjà tí ó wáyé ní Abẹ́òkúta fi èyí hàn. Láti ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró tí a fi kẹ́míkà ṣe. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró Ẹ̀gbá, tòun ti sóódà tí ó ń jó ọwọ́, iṣẹ́ yá kánkán, owó sì wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé aṣọ ń gbó kíákíá, àwọ̀ sì ń ṣí. Ní nǹkan bí ọdún 1936, Aláké Ladapo Ademola Kejì fi òfin de àwọn èròjà náà. Àwọn aláró fárígá, ọ̀rọ̀ sì di ńlá títí ó fi kan ìjọba. Judith Byfield ti kọ ìtàn wọn sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2002. Ìdájọ́ tí ó rọrùn ni pé Aláké ṣe rere, àwọn obìnrin ṣe búburú. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí gbèsè aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, tí ọjà kò sì tà, kò lè máa retí kí aró gbó fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹun. Ọ̀rọ̀ àsìkò ni, bíi ti láfún: owó ní àsìkò tirẹ̀, aró ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í bá ara wọn mu nígbà gbogbo.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà nílẹ̀ lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ariwo púpọ̀ nínú rẹ̀. Àbẹ́là ti gba ipò ẹ̀kọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ aládìrẹ. A ń yọ́ ọ, a ń fi fóòmù tàbí búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ó gbẹ lójú ẹsẹ̀, kò wo ojú oòrùn. A rẹ aṣọ sínú aró kẹ́míkà, a fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là kúrò, ó parí. Àwọ̀ oríṣiríṣi ṣeé lò, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ sì di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn wí nítorí rẹ̀, àwọn tí ó mọ àbẹ́là lò dáadáa sì ń fi í dá àrà tí ẹ̀kọ kò lè dá. Ṣùgbọ́n ilà tín-ín-rín tí ìyẹ́ adìẹ ń fà, àbẹ́là tí ó ń dì lọ́wọ́ ẹni kò rọrùn láti fi fà á. Ewu tí ó tóbi jù ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí a ya ọnà àdìrẹ sí lára, tí wọ́n sì ń tà ní ẹ̀gbẹ́ ojúlówó nínú ọjà Ìtọ̀kú ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ lè ya ewé ẹ̀gẹ́. Ó lè ya òpó Mápó àti ṣíbí. Bí ó bá ṣe pé àwòrán nìkan ni àdìrẹ, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ti borí.

Èyí ni ó fi kan àwọn olùkọ́. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń da ọnà àdìrẹ kọ, lẹ́yìn náà a fi àbẹ́là tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe ni ó ń kọ́, kò sì lè yá tó ẹ̀rọ láé. Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní ọdún 1951, tí ó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀ kí ó tó dá ilé ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo, kò ti inú ìwé bẹ̀rẹ̀. Ìwé wúlò, pàápàá èyí tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1971, tí ó kó orúkọ àti àlàyé ọnà púpọ̀ jọ. Ó yẹ kí ó wà ní ibi ìkàwé gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Àmọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí i, ó yẹ kí ó ti ro ẹ̀kọ láfún lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kí ó sì ti ba aṣọ méjì jẹ́.

Sáà ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ni ó dára jù fún un. Oòrùn wà, ọyẹ́ wà, láfún tuntun wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Aṣọ funfun ọ̀pá kan tó fún akẹ́kọ̀ọ́ kan. Kí olùkọ́ má fún wọn ní àwòrán tí wọn yóò wò. Kí ó ní kí olúkúlùkù ronú ohun kan tí ó jẹ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ó sì wá ibi tí ó dùn ún nínú rẹ̀: bí ewé eéran ṣe ń ká mọ́ ẹ̀kọ jíjẹ, bí egúsí ti ń là kúrò nínú èèpo rẹ̀, bí omi ti ń bú nínú ìkòkò kí ọkà tó wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò ya nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò ní dá mọ̀. Kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá sì lọ sí ọjà láti lọ wo ti àwọn àgbà, àmì kan wà tí kò ṣòro láti wò. Kí wọ́n yí aṣọ náà padà, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni a ń kun ẹ̀kọ sí; nítorí náà, bí ọnà ti ń tàn yòò ní iwájú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn yóò dúdú pẹ̀lú aró, tí òjìji ọnà náà yóò kàn hàn fírífírí níbi tí ìyẹ́ adìẹ ti gbà kọjá.